Ohùn Tó Mọ́ àti Ọ̀rọ̀ Tó Wọni Lára: Àyẹ̀wò Ètò StoryCorps

Ọ̀kan nínú ohun tí ayé òde òní gbé wá ni ètò ọ̀rọ̀ sísọ tí à ń gbọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní podcast. Ẹnikẹ́ni tó bá ní tẹlifóònù lọ́wọ́ lè gbọ́ ọ ní àkókò tó bá wù ú. Ó lè dá a dúró kí ó lọ jẹun, kí ó sì padà wá gbọ́ ìyókù. Bí àwọn ètò wọ̀nyí ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbọ́ wọn ń sọ tẹnu wọn. Nígbà tí ètò bá sì jẹ mọ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín ẹbí, ìyẹn òbí pẹ̀lú ọmọ tàbí ọkọ pẹ̀lú aya, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ àwọn olùgbọ́ máa ń pín sí. Àwọn kan á ní ohùn kò mọ́, ariwo pọ̀ jù, àwọn kò gbọ́ ohun tí ìyá àgbà ń sọ. Àwọn mìíràn á ní ohùn kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn, pé omijé ti bọ́ lójú àwọn kí ètò tó parí.

Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí ti ẹni tó ń ta ọfà sínú òkùnkùn, iṣẹ́ kan pàtó ni a mú lọ́wọ́. StoryCorps ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, nítorí pé nínú gbogbo ètò tó fi ọ̀rọ̀ ẹbí ṣe iṣẹ́, ó ṣòro láti rí èyí tó pẹ́ tó o tí ó sì gbilẹ̀ tó o.

Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Dave Isay, ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ rédíò, ni ó dá StoryCorps sílẹ̀ ní ọdún 2003. Nínú oṣù October ọdún náà, wọ́n gbé yàrá kékeré kan kalẹ̀ sínú ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá tí à ń pè ní Grand Central Terminal ní ìlú New York. Studs Terkel ni wọ́n pè wá ṣí i, àgbà ará Chicago tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹni ọdún 91 ni bàbá náà nígbà yẹn.

Ìlànà wọn kò le. Ẹni méjì tó mọ ara wọn yóò wọ inú yàrá lọ, òṣìṣẹ́ kan yóò bá wọn mójú tó ẹ̀rọ, ọ̀kan yóò máa béèrè, èkejì yóò máa dáhùn, fún 40 ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n bá parí, a ó fún wọn ní ẹ̀dà tiwọn. Bí wọ́n bá sì fọwọ́ sí i, ẹ̀dà mìíràn á lọ sí Library of Congress, ìyẹn ilé ìkàwé ìjọba tó wà ní Washington, níbi tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ti lè gbọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú. Ní 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ tí wọ́n sọ di yàrá ohùn yí orílẹ̀-èdè náà ká. Àwọn tó ti bá wọn sọ̀rọ̀ ti ju 600,000 lọ. Nínú òkè ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n máa ń gé kúrú sí bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ilé iṣẹ́ rédíò NPR ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé jáde ní òwúrọ̀ Jímọ̀, tí wọ́n sì tún ń gbọ́ nínú podcast wọn.

Ìdí tí etí fi ń ráhùn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ẹjọ́ àwọn tó ń ráhùn nípa ohùn rò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àṣejù ni wọ́n ń ṣe. Bí a bá jókòó sí ibi ìnáwó, tí ìlù ń dún, tí ọmọdé ń ké, tí àwo ń ró gbàngàn, síbẹ̀ a óò gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń sọ. Colin Cherry, onímọ̀ kan ní ìlú London, gbé ìwádìí jáde lórí èyí ní 1953. Etí méjì ni a ní. Ohùn tó bá ti apá ọ̀tún wá á kọ́kọ́ kan etí ọ̀tún, ìyàtọ̀ kékeré yìí sì ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti ń bọ̀, tí ó fi ń ṣa èyí tó fẹ́ gbọ́ kúrò láàárín ìyókù. Ojú náà ń ràn án lọ́wọ́, nítorí à ń wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó ní máíkì kan ṣoṣo kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Gbogbo ohun tó bá dún ni ó ń kó pọ̀ sójú kan: ohùn ìyá, fáànù orí àjà, ọkọ̀ tó ń kọjá, àti ohùn tó lu ògiri tó tún padà wá. Nítorí náà, ariwo tí kò yọ àwọn tó jókòó nínú yàrá lẹ́nu rárá lè di ìyà fún ẹni tó ń gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ kò dára, ohun tó yẹ kí etí rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ ni wọn kò fi ránṣẹ́ sí i.

Ti tẹlifóònù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ju ohùn tó wà láàárín 300 sí 3,400 Hz kọjá. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tí àwa Yorùbá fi ń mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ á ṣì kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìró s, ṣ àti f wà lókè ibi tí ẹ̀rọ náà gé e sí. Ẹni tó bá wí pé “ó sá” àti ẹni tó wí pé “ó ṣá” lè dà bákan náà létí ẹni tó wà lódìkejì. Inú ọ̀rọ̀ ìjókòó wọn la ó ti máa wá èyí tí wọ́n ń sọ.

Ohun tó kó wa láyà sókè jù lọ ni ìwádìí tí Eryn Newman àti Norbert Schwarz gbé jáde ní ọdún 2018. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, títí kan èyí tí wọ́n sọ lórí rédíò, wọ́n ṣe é ní ẹ̀dà méjì: ọ̀kan tí ohùn rẹ̀ mọ́, ọ̀kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnu kan náà ló sọ ọ́. Síbẹ̀, àwọn tó gbọ́ ẹ̀dà tí ohùn rẹ̀ bàjẹ́ ka ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò tó ti ẹni tí wọ́n gbọ́ ketekete, wọ́n sì ka iṣẹ́ rẹ̀ sí ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì.

Ẹ ro èyí wò dáadáa. Ẹni tó lówó láti ra máíkì tó dára, tó ní yàrá tí kò ní ariwo, yóò dà bí ọlọ́gbọ́n létí ayé. Ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé rẹ̀, yóò dà bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wí. Olùgbọ́ kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣègbè, á kàn rò pé ọ̀rọ̀ ìyá náà ni kò já mọ́ nǹkan. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tọ́jú ohùn àgbà, ẹ̀tọ́ àgbà náà ló ń tọ́jú. Ibi tí a ti fún StoryCorps ní máàkì àkọ́kọ́ nìyí. Kò sí iye owó tí ẹni tó wọ inú yàrá wọn ní tàbí tí kò ní, yàrá kan náà àti máíkì kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

Ariwo tó ní ìtumọ̀

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ariwo ni ọ̀tá. Dave Isay fúnra rẹ̀ ti fi èyí hàn kí ó tó dá StoryCorps sílẹ̀. Ní 1993, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lé àwọn ọmọkùnrin méjì lọ́wọ́ ní ìlú Chicago, LeAlan Jones ọmọ ọdún 13 àti Lloyd Newman ọmọ ọdún 14, pé kí wọ́n gba ohùn ayé wọn sílẹ̀ ní àdúgbò ilé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Ida B. Wells. Ètò tó jáde láti inú rẹ̀ ni Ghetto Life 101. Àwọn ọmọ náà bá àwọn ẹbí wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì rìn kiri òpópónà pẹ̀lú ẹ̀rọ náà. Bí a bá yọ ohùn àdúgbò kúrò nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kí ló kù? Ariwo ibẹ̀ jẹ́ ara ẹ̀rí tí àwọn ọmọ náà wá jẹ́.

Ìyàtọ̀ tí a rí nìyí: ariwo tó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ariwo tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde wá. Bí a kò bá gbọ́ ohun tí bàbá sọ, àbùkù ni. Bí a bá gbọ́ bàbá ketekete, tí a sì tún gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀, àfikún ni, nítorí ó jẹ́ kí a mọ ilé tí a wà.

Nígbà tí wọ́n gbé ìlànà àtorítẹlifóònù jáde ní ọdún 2015, pẹ̀lú ẹ̀bùn TED tó jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là, ẹnikẹ́ni lè gba ohùn òbí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé láìwá sí yàrá kankan. Ohun tí wọ́n pàdánù ni odi tó ń dá ariwo dúró àti òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n rí gbà ni àwọn tí kò lè rin ìrìn àjò dé New York láéláé. Lójú tiwa, èrè náà ju àdánù lọ, bí ẹni tó di tẹlifóònù mú bá mọ ohun tó ń ṣe.

Àrùn Kòrónà ni ó mú ìṣòro mìíràn wá ní ọdún 2020. Ẹbí kò lè jókòó pọ̀ mọ́, wọ́n sì dá StoryCorps Connect sílẹ̀ kí ẹni méjì tó jìnnà síra lè fi íntánẹ́ẹ̀tì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Níbí, kì í ṣe mímọ́ ohùn nìkan ni wàhálà, àkókò wà níbẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2009 lórí èdè 10 fi hàn pé láàárín ìgbà tí ẹnìkan bá dákẹ́ àti ìgbà tí èkejì bá dáhùn, àlàfo tó wà níbẹ̀ kì í sábà ju ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá fa ohùn sẹ́yìn díẹ̀ péré, ìyá àti ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí já lu ọ̀rọ̀ ara wọn, tàbí kí wọ́n máa dúró de ara wọn bí àlejò. “Bẹ́ẹ̀ ni”, “hẹn-ẹn”, àti ẹ̀rín tí à ń fi gbe ọ̀rọ̀ ara wa lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pẹ́ kó tó dé. Àwọn tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ìfẹ́ àwọn méjèèjì tutù, láìmọ̀ pé wáyà ló tutù.

Asọ̀rọ̀mágbèsì gba èsì

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sí ọ̀rọ̀ ẹbí gan-an. Orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ rédíò ni asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ tirẹ̀ láìdúró gbọ́ ohun tí a fẹ́ wí. Ìtàn Danny Perasa àti Annie aya rẹ̀ mú kí a tún orúkọ náà rò. Ará Brooklyn ni wọ́n. Ní 2004, wọ́n lọ sí yàrá Grand Central, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe pàdé, wọ́n sì sọ nípa ìwé ìfẹ́ tí Danny ń kọ sílẹ̀ fún aya rẹ̀ ní àràárọ̀. Wọn kì í ṣe gbajúmọ̀, wọn kò sì ṣe ohun tí ìwé ìròyìn máa ń gbé. Nígbà tó di 2006, àìsàn jẹjẹrẹ ti dá Danny gúnlẹ̀, kò lè jáde mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ StoryCorps gbé ẹ̀rọ wá bá a nílé, òun àti aya rẹ̀ sì tún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní mímọ̀ pé ìdágbére ni. Oṣù February ọdún náà ni ó kú.

Lẹ́tà tí àwọn olùgbọ́ kọ ránṣẹ́ sí Annie lé ní 1,300. Ó ń ka ọ̀kan lójoojúmọ́ dípò ìwé tí ọkọ rẹ̀ máa ń kọ fún un. Ṣé ẹ rí i pé asọ̀rọ̀mágbèsì gba èsì! Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kì í ṣe inú yàrá tí wọ́n fi odi yí ká ni wọ́n ti sọ ọ́, ẹgbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má fi èyí dá àwọn tó ń ráhùn nípa ohùn lẹ́bi. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló sì wọ etí. Bí àwọn olùgbọ́ kò bá gbọ́ ohun tí Danny ń sọ, kò sí ẹni tí ìbá kọ lẹ́tà.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kejì tí a fẹ́ tọ́ka sí ni ti Joshua Littman, ọmọ ọdún 12 tó ní ẹ̀yà àìlera ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Asperger, àti Sarah ìyá rẹ̀, ní 2006. Ọmọ ló ń béèrè, ìyá ló ń dáhùn. Ó béèrè títí ó fi bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá irú ọmọ tí ó fẹ́ bí ni òun. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a tọ́ sábẹ́ àgbà lè kọ́kọ́ fajú ro pé ọmọdé ń bi òbí rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ pé kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Ó wù ú láti mọ̀ ni. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìyá náà sì fi sùúrù fi ọ̀nà hàn án.

Ẹ̀kẹta ni ti Mary Johnson, ará Minneapolis. Ní 1993, Oshea Israel, ọmọ ọdún 16, pa ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá náà bí. Ní 2011, ìyá náà àti ẹni tó pa ọmọ rẹ̀ jókòó pọ̀ níwájú máíkì. Ó ti dárí jì í, aládùúgbò ara wọn ni wọ́n sì dà. Bí a bá ka irú ìtàn yìí nínú ìwé, a lè jiyàn pé bóyá òǹkọ̀wé ló fi oyin sí i. Nígbà tí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn méjèèjì, tí a gbọ́ ibi tí ohùn ti gbọ̀n àti ibi tí ó ti dúró, ó máa ń ṣòro láti jiyàn. Àǹfààní tí ohùn ní lórí ìwé nìyí.

Ibi tí iṣẹ́ náà kù sí

A ti yìn wọ́n tó, ó yẹ kí a sọ àbùkù pẹ̀lú. Ohun mẹ́ta ni a rí.

Èkínní ni gígé. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n sọ, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ayé ń gbọ́. Àwọn tó ń gbèjà wọn lè rán wa létí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló máa ń yan àbọ̀ tí yóò sọ. Níbí, ẹlòmíràn ló gé e. Kò fi ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ sí wọn lẹ́nu, àmọ́ òun ló pinnu pé ibi tí ẹkún wà ni kí a gbọ́. Bí a bá gbọ́ irú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a óò bẹ̀rẹ̀ sí rò pé ọ̀rọ̀ ẹbí kò pé àfi tí ẹnìkan bá sunkún. Bẹ́ẹ̀, nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ iye owó iṣu ọdún yẹn, àti ti ẹni tó kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́ ládùúgbò, ni àwọn ọmọ máa ń wá kiri nígbà tí bàbá bá ti lọ.

Èkejì ni ohùn orin tó sábà máa ń wọlé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń parí lọ. Ọ̀rọ̀ Mary Johnson kò nílò dùùrù kó tó dun ènìyàn. Bí orin bá wọlé kí olùgbọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe òun nínú, orin náà ti sọ fún un. Ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń wà lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ara ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bo ìdákẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀ àti ẹni tó fi ariwo bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àṣírí. Àwọn méjèèjì tó sọ̀rọ̀ ló fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n bàbá tó ti kú, tí ọmọ ń sọ bí ó ṣe le tó, tàbí ẹ̀gbọ́n tí kò sí níbẹ̀, ta ló bá wọn fọwọ́ sí i? Òkú kì í dìde wá sọ tẹnu rẹ̀. Níbi yìí, àwọn olùgbọ́ tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ilé kò yẹ kó máa jáde báyẹn kò jẹ̀bi pátápátá. Ó yẹ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dá ojú ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ̀.

Èrò tiwa

Ní ìparí, nínú ẹjọ́ tí a gbé kalẹ̀, a kò rí ẹni tí a lè dá lẹ́bi láàárín àwọn olùgbọ́ méjèèjì. Ẹni tó ní kí ohùn mọ́, ẹ̀tọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń bá a béèrè. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ló ṣe kókó, ìdí tí a fi ń gba ohùn náà sílẹ̀ ló ń rán wa létí. StoryCorps yege nítorí pé ó gba ẹjọ́ àwọn méjèèjì rò. Ibi tó sì ti kọsẹ̀ ni ibi tó ti fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa omijé jáde lójú wa.

Kò di ìgbà tí a bá kọ́ yàrá bíi tiwọn kí a tó lè jàǹfààní iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó mú un lọ sí yàrá tí ibùsùn àti aṣọ pọ̀ sí, nítorí aṣọ ń gbé ohùn mì, ògiri lásán ni í dá a padà. Kí ó pa fáànù. Kí ó gbé tẹlifóònù náà sún mọ́ ẹnu ìyá, kí ó má gbé e sórí tábìlì ní ọ̀ọ́kán. Kí ó gbọ́ ìṣẹ́jú kan wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè, kí ó sì pa ẹnu mọ́. Bí ìyá bá dákẹ́, kí òun náà dákẹ́. Kí ó má gé nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀dà tí yóò fi pamọ́.

Ohùn wà lára ohun tí a lè gbàgbé lára ẹni tó bá kú. Àwòrán á wà lára ògiri, orúkọ á wà lẹ́nu ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó ṣe máa ń pe orúkọ wa láti ìta á ti lọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láyé, ẹ̀rọ náà ti wà lápò rẹ̀.